Ẹni Tó Ń Rìn Nísàlẹ̀ Orin

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin, ojú ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀ lórí Àjàṣẹ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìránṣọ bàbá mi ní Ọ̀gánlà, mo ní: “Bàbá, òjò ń bọ̀ o.” Bàbá gbé ojú kúrò lórí aṣọ tí wọ́n ń rán, wọ́n wò mí tìbẹ̀rù-tìbẹ̀rù, wọ́n ní: “Òfò kẹ̀? Ta ló kú?”

Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó jókòó níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ náà, oorun kò kùn mí. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń rí i pé etí bàbá mi ń di díẹ̀díẹ̀, tí mo sì ń ṣe bí ẹni pé n kò rí i. Wọ́n ti di ẹni ọdún 77. Ẹni tó máa ń bá gbogbo oníbàárà dá àpárá tẹ́lẹ̀ ti wá di ẹni tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, tó ń mi orí sí ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́. Bí mo bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀, àfi kí n pariwo. Bí mo bá sì ti pariwo, ọ̀rọ̀ àṣírí di ọ̀rọ̀ àdúgbò, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ a sì máa dún bí ìjà. Báyìí ni àwa méjèèjì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ síra wa.

Olùkọ́ físíìsì ni mí. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ẹ̀kọ́ nípa ìró, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òjò àti òfò yìí ni ó jẹ́ kí n mọ ohun tí mo ń kọ́ wọn. Ìgbọ̀nrìrì ni ìró. Bí nǹkan bá gbọ̀n ní ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ohùn rẹ̀ a wà nísàlẹ̀; bí ó bá gbọ̀n ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà, ohùn rẹ̀ a lọ sókè. Etí ọmọdé máa ń gbọ́ láti orí ìgbọ̀nrìrì 20 títí dé nǹkan bí 20,000. Bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ, apá òkè ni etí ti kọ́kọ́ máa ń kú, kì í ṣe apá ìsàlẹ̀. Ariwo tó wà nínú f, s àti ṣ, èyí tí a fi ń mọ ọ̀rọ̀ kan yàtọ̀ sí òmíràn, ga fíofío. Ó máa ń kọjá 2,000 lọ. Ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín àti ohùn òkè tí Yorùbá fi ń sọ̀rọ̀, inú ọ̀fun ni wọ́n ti ń jáde, níbi tí ìgbọ̀nrìrì kò ti pọ̀: ti ọkùnrin sábà máa ń wà ní nǹkan bí 100 sí 150. Ìdí nìyẹn tí bàbá mi fi lè gbọ́ dò-dò tó wà nínú òjò láìgbọ́ j tó wà láàárín rẹ̀. Ẹni tó bá sọ ìfẹ́ fún wọn lè gbọ́ èsì ìṣẹ́. Orin ọ̀rọ̀ ń dé etí wọn. Ọ̀rọ̀ inú orin ni kò dé ibẹ̀ mọ́.

Bàbá mi kì í ṣe olórin, télọ̀ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ràn orin. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí ọdún iléèwé bá ti fẹ́ wọlé, wọ́n máa ń rán kakí àwọn ọmọ iléèwé títí ilẹ̀ á fi mọ́. Rédíò wọn máa ń wà lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlùmọ́gàjí. Bí alẹ́ bá lẹ́, wọ́n á yí i títí wọ́n á fi rí Voice of America, níbi tí Willis Conover ti ń ṣe ètò jazz. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ ètò yìí ní ọdún 1955, kò sì fi í sílẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 1996. Ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó sì máa ń sọ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè wọn lè tẹ̀lé e. Bàbá mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Yorùbá, Gùn àti Faransé díẹ̀ ni wọ́n gbọ́. Síbẹ̀, wọn kì í pa á. N kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ nígbà náà. Mo máa ń sùn lórí òkìtì àjákù kakí, ohun tí mo sì rántí jù lọ ni ẹsẹ̀ bàbá mi lórí ẹ̀rọ ìránṣọ: ó ń lọ, ó ń bọ̀, kò yára, kò falẹ̀, bí ẹni pé òun àti rédíò jọ ń rin ìrìn àjò kan náà ni.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ òjò, mo ronú pé kí n fi orin yẹn tù wọ́n nínú. Mo fi jazz sí fóònù mi, mo gbé e sún mọ́ etí wọn. Wọ́n mi orí, wọ́n ní: “Kí ló ń kùn bí eṣinṣin yìí?” Mo wá rántí pé ẹnu fóònù kéré jù láti gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde, ohun tí fóònù lè sọ gan-an ni ohun tí bàbá mi kò lè gbọ́ mọ́. Ní ọjọ́ kejì, mo yá ẹ̀rọ ńlá lọ́wọ́ ẹnìkan tó ń fi í háyà fún àwọn tó ń ṣe ìnáwó. Mo fi “C Jam Blues” sí i, èyí tí Oscar Peterson lo dùùrù sí nínú àwo Night Train tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní ọdún 1962.

Bàbá jókòó jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, mo rí i pé ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè sódò. Wọ́n na ìka sí ẹ̀rọ náà. “Ẹni tó ń rìn yẹn,” wọ́n ní, “mo ń gbọ́ ọ. Àwọn yòókù ti lọ, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ẹni tó ń rìn.”

Ray Brown (1926–2002) ni ẹni tó ń rìn náà, ẹni tó ń ta básì. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé èmi náà yóò kọ́ bí a ti ń rìn.

Mo mọ gìtá díẹ̀ láti ìgbà tí mo ń ṣe licence mi ní Yunifásítì Abomey-Calavi. Ohùn òkè ni mo máa ń ta, níbi tí gbogbo ojú ti ń wo ènìyàn. Gìtá básì, tí okùn rẹ̀ nípọn tí kò sì ju mẹ́rin lọ, mo kà á sí iṣẹ́ ẹni tí kò rí iṣẹ́ mìíràn ṣe nínú ẹgbẹ́ olórin. Èmi kan náà ni mo wá gba Kútọnù lọ ní ọjọ́ Sátidé kan, tí mo ra básì àlòkù kan ní 90,000 fráǹkì CFA. Nígbà tí mo gbé e wọlé, ìyàwó mi bi mí léèrè bóyá ọmọ ọdún 36 ni mí tàbí ọmọ ọdún 16.

Bàbá àgbàlagbà kan wà ní àdúgbò wa, tí wọ́n ti ta básì fún àwọn ẹgbẹ́ olórin ijó ní Kútọnù nígbà tí ọwọ́ wọn ṣì le. Tonton ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo ta gbogbo ohun tí mo mọ̀ fún wọn, kí wọ́n lè rí i pé n kì í ṣe aláìmọ̀kan. Wọ́n gbọ́ ọ parí, wọ́n ní: “Pròfù, o sáré dé. Jọ̀wọ́, padà lọ, kí o wá fi ẹsẹ̀ rìn wá.”

Wọ́n ní kí n máa ta La, ohùn kan ṣoṣo, ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin, fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ẹ̀rọ kékeré kan nínú fóònù mi ń ka ìgbésẹ̀ 60 ní ìṣẹ́jú kan. Mo rò pé ìyà tí wọ́n fi ń jẹ àwọn ọmọdé ni. Ní ọjọ́ kẹta, mo gba ohùn ara mi sílẹ̀, mo sì gbọ́ ọ: ìgbésẹ̀ kejì mi ń ti ti àkọ́kọ́, ẹ̀kẹrin ń sá fún ẹ̀kẹta, ohùn kan gùn, òmíràn kú lójijì. Mo ti ń fi ẹsẹ̀ ara mi rìn láti ọmọ ọdún kan, n kò mọ̀ pé n kò tíì mọ bí a ti ń rìn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ náà ni Tonton ṣí ilẹ̀kùn blues fún mi. Blues tó wọ́pọ̀ jù lọ ní ìwọ̀n 12. Ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ìgbésẹ̀ 48. Nínú blues orí La, a ó gbé ilé La fún ìwọ̀n mẹ́rin, a ó lọ kí àwọn ará ilé Ré fún méjì, a ó padà sí ilé La fún méjì. Lẹ́yìn náà ni a ó lọ sí ilé Mi (kì í ṣe ilé tèmi o) fún ẹyọ kan, a ó gba ilé Ré kọjá fún ẹyọ kan, a ó sì wá sinmi ní ilé La fún méjì tó kù. Bí ó bá parí, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Okùn ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lórí básì láìtẹ̀ wọ́n rárá: okùn Mi ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, La ní ìgbà 55, Ré ní nǹkan bí 73. Okùn kẹrin, Sol, ń gbọ̀n ní nǹkan bí 98. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó dé ibi tí etí bàbá mi ti kú.

Báwo ni a ṣe ń rìn? Ìgbésẹ̀ kìíní nínú ìwọ̀n gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn onílé: bí a bá wà ní ilé La, La ni a ó tẹ̀. Ìgbésẹ̀ kejì àti ẹ̀kẹta lè kí àwọn ará ilé, bíi Do dièse àti Mi, tàbí kí wọ́n yà lọ sọ́dọ̀ Fa dièse tó jẹ́ àlejò tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìgbésẹ̀ kẹrin ni ti ọlọ́gbọ́n. Ó yẹ kí ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ ilé tí à ń lọ, ní ìdajì ohùn sísàlẹ̀ tàbí ìdajì ohùn sókè, kí etí lè mọ̀ pé a fẹ́ wọlé kí a tó wọlé. Bí a bá wà ní ìwọ̀n kẹrin, tí ilé Ré sì kàn, a lè tẹ La, Si, Do, Do dièse. Nígbà tí a bá dé Ré, a ó rí i pé ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ dè wá. Tonton máa ń sọ pé: “Má ronú ibi tí o wà. O ti débẹ̀. Ibi tí ò ń lọ ni kí o rò.”

Mo lọ ka ìtàn ọ̀nà yìí. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i, láàárín àwọn ènìyàn dúdú tí àwọn baba ńlá wọn ṣe ẹrú níbẹ̀. Àjàṣẹ́ wa yìí wà lára àwọn èbúté tí wọ́n ti kó ẹrú lọ, kò sì yẹ kí a gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará ọ̀hún ni, kí a má ṣe fi orúkọ baba wa gbà á lọ́wọ́ wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ jazz, fèrè ńlá tí à ń pè ní tuba ló sábà máa ń gbé ohùn ìsàlẹ̀. Ẹni tó ń fọn fèrè gbọ́dọ̀ mí, nítorí náà méjì ló sábà máa ń tẹ̀ nínú ìgbésẹ̀ mẹ́rin. Nígbà tí básì onígi ńlá, contrebasse, gba ipò rẹ̀, ó di pé a lè tẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí ọwọ́ kì í mí. Walter Page (1900–1957) wà lára àwọn tó sọ ìgbésẹ̀ mẹ́rin dọ́gbadọ́gba yìí di òpó orin ní Kansas City, pàápàá nínú ẹgbẹ́ Count Basie, pẹ̀lú Freddie Green lórí gìtá àti Jo Jones lórí ìlù. Ní Chicago, Willie Dixon (1915–1992) ló ta básì lábẹ́ ọ̀pọ̀ nínú blues tí Muddy Waters kọ. Ní ọdún 1959, Paul Chambers rìn lábẹ́ fèrè Miles Davis nínú àwo Kind of Blue, kò sì ju ẹni ọdún 24 lọ. Nínú àwo náà, “Freddie Freeloader” jẹ́ blues ìwọ̀n 12 tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ìka kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Bí ọ̀nà yìí kò tilẹ̀ jẹ́ tiwa, ìwà tó wà nínú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ìyá mi jẹ́ ọmọ Kétu, ẹni tó bá sì ti dúró níbi Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ àrà ogún ọ̀rọ̀ ẹnu àti ogún àìlèfọwọ́bà ti ọmọ ènìyàn, ti rí i. Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, òun ni gbogbo ènìyàn ń gbọ́. Ṣùgbọ́n bí omele bá dákẹ́, ẹsẹ̀ oníjó á kọ́. Nínú dùndún, gúdúgúdú kò lè ki ẹnikẹ́ni, ohùn rẹ̀ kì í yí padà; síbẹ̀ òun ló di ilẹ̀ mú fún ẹni tó ń ki ọba. Àgídìgbo pẹ̀lú ahọ́n irin rẹ̀ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí gan-an. Àwọn àgbà wa sì ti sọ pé bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ló ń jó o, ọ̀mọ̀ràn ló ń mọ̀ ọ́n. Mo ti gbọ́ òwe yìí láti kékeré. Kò sí ìgbà kan tí mo bi ara mi léèrè bí ó ti rí lára ẹni tó ń lù ú.

Ìyà ló kọ́ mi. Ní oṣù kẹjọ tí mo ti ń kọ́ṣẹ́, Tonton jẹ́ kí n bá àwọn ọ̀rẹ́ wọn ṣeré níbi ìgbéyàwó kan. Bàbá mi wà níbẹ̀, wọ́n jókòó sí ìtòsí ẹ̀rọ. Ìdajì wákàtí àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Nígbà tó yá, mo rí i pé àwọn ọmọ kíláàsì mi méjì dúró lẹ́bàá ògiri, wọ́n ń fi fóònù yà mí. Ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Nígbà tí a dé ìwọ̀n kẹjọ, dípò kí n rọra rìn lọ sí ilé Mi, mo sáré gun òkè ọrùn gìtá, mo da ohùn wẹ́wẹ́ bí ẹni da àgbàdo fún adìyẹ. Àtẹ́wọ́ dún. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo máa fi sọ̀ kalẹ̀, n kò mọ ilé tí a wà mọ́. Mo tẹ La níbi tí àwọn yòókù ti tẹ Mi. Onílù wò mí, akọrin dákẹ́ lẹ́nu ọ̀rọ̀, orin náà sì wó lulẹ̀ bí ilé tí wọ́n yọ òpó rẹ̀. Tonton fi ohùn ara wọn gbé e dìde, wọ́n ka “ọ̀kan, méjì,” a sì tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó bá mi wí.

Nígbà tí a délé, Bàbá ní: “O rìn dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, o fẹ́ kí wọ́n wò ọ́.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju ìtìjú àṣálẹ́ náà lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti sọ ọ́ di àṣà láti gbé básì lọ sí ilé ìránṣọ ní alẹ́, nígbà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ bá ti lọ. Mo máa ń gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sábẹ́ tábìlì ìgéṣọ. Bàbá á gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé tábìlì náà, nítorí pé pákó máa ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ dáadáa, ohun tí etí bá sì pàdánù, ọwọ́ lè bá a rí i. Mo ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láti ilé La dé ilé Ré, láti ilé Ré padà sí ilé La. N kò fi ohunkóhun kún un.

Ní alẹ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Wọ́n sọ ìtàn ọ̀gá tó kọ́ wọn níṣẹ́, ẹni tó máa ń fi òpó ìka lu orí ọmọ iṣẹ́ tó bá rán ojú aṣọ wọ́. Wọ́n sọ ti ẹ̀rọ ìránṣọ àkọ́kọ́ tí wọ́n san owó rẹ̀ fún ọdún méjì. Wọ́n sọ ti ikú ìyá wọn, èyí tí n kò gbọ́ rí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀ láàárín wa, ẹni tó ń gbọ́ kì í dákẹ́ bí òkúta; ó gbọ́dọ̀ máa dá wọn lóhùn: “Hẹn-ẹn,” “Bẹ́ẹ̀ ni,” “Ẹ kú ìrọ́jú.” Ó ti pẹ́ tí Bàbá ti gbọ́ irú ìdáhùn kéékèèké bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn, nítorí wọn kì í dún sókè. Mo wá rí i pé básì ti gba iṣẹ́ náà ṣe. Bí mo bá ṣì ń rìn, wọ́n mọ̀ pé mo ṣì ń gbọ́.

Ní alẹ́ kan, wọ́n ní: “Nígbà tí o lọ sí Calavi, mo rò pé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ló ń tì ọ́ lójú. Mo ṣì rò bẹ́ẹ̀ títí di òní.”

Ìka mi dúró. Wọ́n gbọ́ ọ nínú pákó pé mo ti dúró. Wọ́n ní: “Má dúró.”

Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ilé La. Bí mo ti ń rìn, mo ń rántí pé òótọ́ ni. Ní yunifásítì, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá bèèrè iṣẹ́ tí bàbá mi ń ṣe, oníṣòwò aṣọ ni mo máa ń sọ. Owó kakí tí wọ́n fi òru rán ni mo fi ń san ilé tí mo ń gbé nígbà náà. Mo fẹ́ sọ fún wọn, ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ wo ni ènìyàn lè fi ariwo sọ bẹ́ẹ̀, tí gbogbo Ọ̀gánlà yóò máa gbọ́? Mo rin gbogbo ìwọ̀n 12 lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí mo parí, mo gbé básì sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ níwájú wọn kí wọ́n lè rí ẹnu mi. N kò pariwo. Mo rẹ ohùn mi sílẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ àyà, mo sì sọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń ka ìgbésẹ̀: “Bàbá, ó tì mí lójú nígbà náà. Kò tì mí lójú mọ́. Ẹ jọ̀wọ́.”

Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní: “Mo gbọ́.”

Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ariwo tí mo ti ń pa láti ọdún yìí wá ni kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ mi. Bí ènìyàn bá pariwo, ohùn rẹ̀ máa ń gun òkè. Gbogbo ohun tí Tonton ti sọ fún mi nípa básì ni ó yẹ kí n ti fi bá bàbá mi sọ̀rọ̀: sọ̀ kalẹ̀, má sáré, jẹ́ kí ohùn kan parí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀, kí o sì jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí ò ń lọ kí o tó débẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo gbé básì náà lọ bá wọn ní ọ̀sán, lójú àwọn ọmọ iṣẹ́, mo ní kí wọ́n bá mi rán àpò fún un. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì, wọ́n fa okùn ìwọnṣọ yọ, wọ́n wọ̀n ọ́n láti orí dé ìdí. Wọ́n wọn ejìká rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n mi orí. “Ejìká kan gùn ju èkejì lọ,” wọ́n ní. “Irú oníbàárà báyìí ṣòro.” Kakí méjì tí wọ́n rán mọ́ra ni wọ́n fi ṣe é, pẹ̀lú òwú nínú rẹ̀. Mo máa ń gbé e kọ́ ẹ̀yìn lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ọjọ́ Ẹtì, nítorí pé mo ń kọ́ àwọn ọmọ mẹ́fà lẹ́yìn iṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ẹni tó rán an, mo ń sọ fún wọn pé bàbá mi ni, télọ̀ ní Ọ̀gánlà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ kọ́ ọ̀nà yìí, ẹ má bẹ̀rù pé ó ti pẹ́ jù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú blues orí La. Ẹ ta ohùn onílé nìkan, ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin, títí ẹ ó fi lè ka ìwọ̀n 12 láìwo ìwé. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi ìgbésẹ̀ kẹrin kún un, èyí tó ń wá ẹ̀gbẹ́ ilé tó kàn. Ẹ gba ara yín sílẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ ọ, bó tilẹ̀ dùn yín. Bí ẹnìkan bá ń yà yín pẹ̀lú fóònù, ẹ wo onílù. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ní àgbà nílé tí etí wọn ń di, ẹ sún mọ́ wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ojú yín, ẹ rẹ ohùn yín sílẹ̀, kí ẹ sì rọra sọ̀rọ̀. Ẹ tún mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà elétí, bí èmi náà ti mú Bàbá lọ níkẹyìn, nítorí kì í ṣe gbogbo etí tó di ni ọjọ́ orí ló dí i.

Etí bàbá mi kò padà sípò. Dókítà ti sọ fún wa pé kò ní padà. Ṣùgbọ́n ní àná, ojú ọ̀run tún ṣú. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo dúró de ìgbà tí wọ́n gbé ojú sókè, mo tọ́ka sí ọ̀run, mo sì fi ohùn ìsàlẹ̀ sọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: “Bàbá, òjò ń bọ̀.”

“Mo gbọ́,” wọ́n ní. “Lọ kó aṣọ wọlé.”